Búréèkì Ọba-Òkè

Ní gbogbo pápákọ̀ òfurufú náà, kò sí ẹni tí Oníwáyà kà sí òfìfo èèyàn tó Ọba-Òkè. Orúkọ tí wọ́n ń pe awakọ̀ bàálù náà lẹ́yìn nìyẹn, nítorí kì í kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nílẹ̀. Iṣẹ́ Oníwáyà ni kó dúró nídìí táyà iwájú, kó máa fi wáyà gbọọrọ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí katakata bá ń ti bàálù sẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀. Awakọ̀ kan ò ní wúkọ́ kó má mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ti bàálù Ọba-Òkè dé ojú ìlà. Ó ku kó fa búréèkì, kí Bàbá tó ń wa katakata lè tú irin tó so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀.

"Ẹ fa búréèkì," Oníwáyà wí.

Ẹ̀rín ló gbọ́. Ọkùnrin náà ń ròyìn ilé tuntun rẹ̀ fún igbákejì rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Oníwáyà tún un sọ. Ọba-Òkè ní kí wọ́n tú irin wọn kí wọ́n máa lọ, pé aláàárù kì í kọ́ òun níṣẹ́.

"Mi ò béèrè ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́, ọ̀gá. Ṣé ẹ ti fa búréèkì?"

"Mo ti fà á. Ṣé o ti gbọ́?"

Bàbá ti sọ̀kalẹ̀ látorí katakata, ó ti bẹ̀rẹ̀ sídìí irin, ó ti ń yọ ìdè rẹ̀. Oníwáyà wo táyà. Ó ń yí, jẹ́jẹ́, bí olè tó ń yọ́ jáde. Ó gbá ẹ̀yìn ẹ̀wù Bàbá mú, ó sì fà á lulẹ̀. Irin náà já, ó fì, ó gbá ibi tí orúnkún bàbá arúgbó náà wà tẹ́lẹ̀.

Ohùn igbákejì wá sí i létí: "Ọ̀gá, ẹ ò fà á."

Lọ́jọ́ kejì, Ọba-Òkè kọ̀wé pé ìwà òmùgọ̀ àwọn ará ilẹ̀ ló ba irin jẹ́. Àṣé igbákejì rẹ̀ náà ti kọ tirẹ̀, pé ọ̀gá òun ò fa búréèkì. Àwọn aláṣẹ ní kí Ọba-Òkè lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta.

Nígbà tó padà dé, ó sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn, ó na ọwọ́ sí Oníwáyà. Oníwáyà ò yọ ọwọ́ lápò.

"Bàbá lẹ fẹ́ gé lẹ́sẹ̀, ọ̀gá. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

Ọba-Òkè yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, kò mọ èwo ni Bàbá nínú wọn. Bàbá jókòó sórí katakata, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rọ epo sí bàálù ni Ọba-Òkè lọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ gidigidi nípa ẹsẹ̀. Ọkùnrin yẹn kàn ń wò ó.

Oníwáyà ò pè é padà. Ó ní ta ló fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ ṣòfò lórí irú òfìfo bẹ́ẹ̀.