Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Rúlà Fọwọ́ Sí

Ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Báyìí ni gègé mẹ́rìndínlógún ṣe máa ń họ bébà lẹ́ẹ̀kan náà, bí agbo adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìró náà ti pa rẹ́, nítorí ẹ̀rọ òde òní kì í lo gègé mọ́. Ojú dígí kọ̀ǹpútà ni ìlà ń gbà kọjá, jẹ́jẹ́, bí olè. Síbẹ̀, bí bàbá arúgbó kan bá ti jókòó lóun nìkan, etí rẹ̀ á tún gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ ìgbì ọpọlọ ni bàbá yìí fi ayé rẹ̀ ṣe. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ aláìsàn lórí, ẹ̀rọ á fa ìlà ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ, òun á wá ka ìlà náà fún dókítà. Ẹ̀yìn odi ló ti hu ewú. Bàbá ni gbogbo èèyàn ń pè é níbẹ̀, àmọ́ nílé, nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì le, Wàdùwàdù ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin tó sọ ọ́ lórúkọ náà, bàbá kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọpẹ́ wà níbẹ̀ láti dá, àfi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: kí ọpẹ́ náà má lọ pẹ́ jù.

Ìyá Rúlà ni wọ́n ń pe obìnrin náà, ọ̀gá rẹ̀ nílé ìwòsàn tó ti kọ́ṣẹ́. Bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń fi aago kọ́ àyà, rúlà onígi ló máa ń yọrí nínú àpò tirẹ̀. Òun ni ọ̀gá yàrá ẹ̀rọ, yàrá tóóró kan tó wà láàárín ibi ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ń to bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́ sí. Òórùn tàdáwà kì í kúrò níbẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ìlà lórúkọ láìjẹ́ pé ó ti dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Apá ibo ló wà nínú orí? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló wá ni àbí ó ń padà wá léraléra? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Ó ti tó ìgbà wo tó ti bẹ̀rẹ̀?

"Wàdùwàdù, kí lo rí?"

"Àìsàn ẹ̀dọ̀ ni, mà."

"Ohun tí o rò lo sọ fún mi yẹn. Mo ní kí lo rí? Ṣé ẹ̀dọ̀ ló wà lórí bébà yìí? Bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni, gé e wá, ká fi jẹ búrẹ́dì."

Gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ á dùn ún, torí ó mọ̀ pé òun ní ojú iṣẹ́. Ó ní i lóòótọ́. Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn: ojú rẹ̀ máa ń yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n gbé ìyàwó káfíńtà kan dé. Ibà ti kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́yìn náà ló la ojú sílẹ̀ bọ̀ọ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Wọ́n gbé e sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le. Ara rẹ̀ kò gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ kò hó. Ìpéǹpéjú rẹ̀ nìkan ló ń fà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi nínú irun, ìyá ìyàwó gbé ọmọ oṣù mẹ́rin dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Rúlà ti lọ ṣe ìpàdé ọjọ́ méjì níbòmíràn. Wàdùwàdù nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ.

Ó lẹ wáyà. Gègé bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ìlà tó jáde ń wọlẹ̀, ó ń ga, ó tún ń wọlẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àgbà ìgbà yẹn ní orúkọ fún irú ìlà bẹ́ẹ̀: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Orúkọ náà kì í dá rìn. Bí dókítà bá ti gbọ́ "ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta", ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ló máa wá sí i lọ́kàn, kò ní ronú kan gìrì rárá. Wàdùwàdù rí i, inú rẹ̀ dùn, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dá èsì kọ nìyẹn. Rúlà wà lórí tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé èsì, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ fún Dókítà Gíga.

Dókítà Gíga ga débi pé gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà ló ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ó ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró.

"Ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ má fún un lóògùn gìrì o."

Ni wọ́n bá ń dúró de èsì ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Ajé lọ, Ìṣẹ́gun lọ. Obìnrin náà ń wo òrùlé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Ìyá Rúlà wọlé, kò tíì bọ́ kóòtù lọ́rùn tó fi ṣí ìdì bébà náà. Ó yọ rúlà, ó gbé e lé orí ìlà.

"Wàdùwàdù. Wá kà á fún mi."

Ó kà á. "Ọ̀kan... méjì... mẹ́ta." Ó tún un kà. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, mà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan."

"Ẹ̀dọ̀ wo ló ń sáré báyìí?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Rúlà ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, táyà rẹ̀ kan ń dún fìn-ín fìn-ín ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bá Dókítà Gíga lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, gìrì abẹ́lẹ̀ tí kì í mú ara gbọ̀n ni mo fura sí. Ẹ fi oògùn gìrì díẹ̀ sí i níṣan, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí ìlà bá rọ̀ tí ẹni náà ò yí padà, a ò tíì mọ nǹkan kan. Bí ìlà àti ẹni náà bá jọ yí padà, ọ̀rọ̀ ti jáde síta."

"Màmá, bí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ bú mi. Èébú ti mọ́ mi lára, mo lọ́kọ nílé."

Wọ́n fi oògùn náà sí i. Gègé ń họ, ó ń họ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ìlà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fọ́n ká, ó rọlẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tó jẹ́ ti ọpọlọ tó ń sinmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ó tó bí ìdajì wákàtí kí obìnrin náà tó yí orí padà. Ó wo wáyà tó wà lórí rẹ̀, ó wo rúlà, ó wo dókítà láti ẹsẹ̀ dé orí, ìyẹn sì gba àkókò.

"Ta ló gbé ọmọ mi?" ló kọ́kọ́ sọ.

Káfíńtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò dúró gba àyè. Ó ya wọlé, ó dì mọ́ Ìyá Rúlà, ó fi ìyẹ̀fun igi kun aṣọ funfun rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Ìwọ àna mi yìí," ni ìyá ìyàwó pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, "ìyàwó ẹ kọ́ nìyẹn! Èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni tìẹ!"

Obìnrin náà yè, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Àmọ́ ọjọ́ méjì tó fi wà nínú gìrì láìsí oògùn kò ṣeé fi pamọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ìyá Rúlà wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò wo ojú Wàdùwàdù.

"Lọ kó ẹrù ẹ. Ilé ìwòsàn kan ní apá kejì ìlú ń wá ẹni tó mọ wáyà lẹ̀. Ọ̀la lo máa bẹ̀rẹ̀."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàdùwàdù gbà lọ́kàn rẹ̀ pé obìnrin náà ti tú òun fó, pé ó lé òun dànù bí omi ìfọwọ́. Ó kó ẹrù, kò dágbére. Láti ibẹ̀ ló ti rí ààyè ilé ẹ̀kọ́ lókè òkun, bó ṣe lọ nìyẹn, tí kò wẹ̀yìn. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ròyìn ọ̀gá rere, á pòṣé. Síbẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin yẹn ló fi ń kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í ẹni tó kọ́ ọ, á ní ayé ló kọ́ òun.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ilé ìwòsàn ṣì máa ń pè é pé kó wá dáni lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹ̀kọ́ lórí àtòjọ ọ̀rọ̀ tuntun ni. Àwọn àgbà onímọ̀ ti tún jókòó, wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe ìgbì ọpọlọ àwọn tí àìsàn wọn le tò, kí ẹni tó wà níhìn-ín àti ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè máa pe ohun kan náà ní orúkọ kan náà. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti ṣe é, ojú bí àádọ́ta èèyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi tò sórí dígí bí ẹyin nínú páálí.

"Bàbá, wọ́n tún ti yí orúkọ padà!" ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń lẹ wáyà ké. "Àǹtí mi gan-an ò yí orúkọ tó báyìí, bẹ́ẹ̀ ọkọ mẹ́ta ló ti fẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá ń ka àtòjọ náà, ẹ̀rín kò wá. "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta" ti di ìrísí lásán, ìrù ọ̀rọ̀ tí a ń fi kún un lẹ́yìn, kò ru àìsàn kankan lórí mọ́. Ohun tí wọ́n ní kéèyàn kọ́kọ́ sọ ni apá ibi tó wà nínú orí, bó ṣe ń wá, iye ìgbà tó ń wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá, àti bó ṣe pẹ́ tó. Nísàlẹ̀, wọ́n ti wá là á sílẹ̀ pé bí oògùn inú iṣan bá tún ìlà ṣe tó sì tún ẹni náà ṣe, kí á pè é ní gìrì.

Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ ìgò náà kò dọ̀tí. Ló bá sọ ìtàn ìyàwó káfíńtà fún wọn. Nígbà tó dé ibi ìwé èsì, ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn láìwọ̀n ọ́n, èmi ni."

Ẹ̀kọ́ parí. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ohùn àgbàlagbà kan ni.

"Wàdùwàdù! Irọ́ lo pa fún gbogbo ayé lónìí."

Ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ lórí àga. "Dókítà Gíga? Ẹ̀yin nìyẹn?"

"Mo wà lórí dígí níbẹ̀, o ò rí mi ni? Orí mi ni kò wọ inú fọ́tò. O ní ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá Rúlà ló kọ ọ́."

"Rárá, sà. Ọwọ́ mi ni."

"Mo wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, ọmọ yìí. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ títí láé. Ó ní, 'Yàrá mi ló ti jáde, èmi ni mo kọ ọ́.' A mọ̀ pé ìpàdé ló wà lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó fọwọ́ sí i lójú wa. Nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe látẹ̀yìn, ipò ọ̀gá nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ẹni tó kọ́ níṣẹ́ ló wá ń rán an níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ ilé ìwòsàn kejì pé kí wọ́n gbà ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà bi ọ́ ní ìbéèrè." Dókítà Gíga rẹ ohùn sílẹ̀. "Tèmi náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo kà, mi ò wo bébà. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀." Bàbá dìde dúró. "Ṣé... ṣé Màmá ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ojú ò ríran mọ́, àmọ́ ẹnu ṣì mú bí abẹ. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n wà, òun ló máa ń ka ìwé sí wọn létí. Màá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Má sọ pé ó dọ̀la o. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ilé ìwòsàn dé."

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Bàbá jókòó sídìí fèrèsé, fóònù lọ́wọ́, ó kọ̀wé sí Ìyá Rúlà, ó pa á rẹ́. Èyí àkọ́kọ́ gùn bí ìwé ẹjọ́. Èkejì, àwáwí ló kún inú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó títí.

"Bàbá àwọn ọmọ, lẹ́tà ni àbí kànga lẹ̀ ń gbẹ́?"

"Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbà bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ kí wọn. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ dúpẹ́. Ṣé ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?"

Ó rò ó, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́, kò tún un kà, ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ọmọ Ìyá Rúlà:

"Ẹ káàsán o, mà. Wàdùwàdù ni. Dókítà Gíga ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lónìí. Èmi ni mo ṣẹ̀, ẹ̀yin lẹ jìyà rẹ̀, mo sì tún bínú sí yín láti ọjọ́ náà títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, ẹ̀yin ni ẹ kò jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn tí mo kọ́ pọ̀, mà, mi ò dárúkọ yín fún ìkankan nínú wọn rí. Láti ọ̀la lọ, màá máa dárúkọ yín. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Bí ẹ bá gbà fún mi, màá pè yín lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí ẹ lè bú mi dáadáa."