Kóòtù Funfun Lórí Ebè Ẹ̀wà

Òbí mẹ́ta ló kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá wa nítorí ẹrẹ̀, alágbàfọ̀ ló sì kọ ti àkọ́kọ́. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo tún un kà. Ọkùnrin tó jẹ́ pé aṣọ ìdọ̀tí ló ń bọ́ ọ, tó ń bọ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀, òun náà ló ń ráhùn pé aṣọ ọmọ òun dọ̀tí. Ǹ bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ti bí mi kọjá ẹ̀rín.

Ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kejìlélógún rèé. Ọmọ méjìlá ló wà ní kíláàsì mi, ọlọ́dún mẹ́ta sí mẹ́rin. Yàrá wa ní fèrèsé méjì, pátákó ìkọ̀wé kan, àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tó ṣí sí àgbàlá. Àgbàlá náà kò tóbi. Igi kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi kan tó ń jò, àti òkúta ńlá kan tí èèrà fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ilé. Èyí tó kù, ilẹ̀ lásán ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tó wà nínú yàrá lọ. Nínú yàrá, ọmọ á máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta bí ẹni ru ẹrù olẹ́rù. Tó bá dé ìta, ẹsẹ̀ ọ̀kùn ló máa fẹ́ kà, á sì máa bínú sí ọ̀kùn pé kò dúró kí òun kà á tán.

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Òbí ló ń bẹ̀rù. Lẹ́tà kẹta dé ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, àpò sìmẹ́ǹtì ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ń gbé báàgì wọn kọ́.

"Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì," ó wí fún mi. "A máa fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá. Ó máa mọ́ tónítóní."

"Ọ̀gá, kí ni àwọn ọmọ á wá máa gbẹ́?"

"Wọ́n lè fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sórí ẹ̀."

"Èèrà ńkọ́?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí oorun sùn. Àfi tí àwọn tó kọ lẹ́tà bá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò ráhùn mọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí."

Mo jáde, mo gbá àpò sìmẹ́ǹtì kan nípàá. Ẹsẹ̀ ló dùn mí, kò dun sìmẹ́ǹtì.

Àwa àti àwọn ọmọ ti gbin ẹ̀wà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo kọ ebè kan sí ẹ̀gbẹ́ igi, oníkálukú fi ìka gún ihò tirẹ̀, ó ju ẹ̀wà kan sí i, ó bò ó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo wọn sáré lọ hú u, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti hù. A tún un gbìn. Ọjọ́ kẹta, wọ́n tún hú u. Ta ni ò ní bínú? Mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí, mo sì sọ ohun tí mi ò rò kí n tó sọ.

"Ẹ̀wà yìí ń sùn! Ẹni tó bá ń sùn, a kì í jí i. Tó bá sùn tó, á jí fúnra ẹ̀."

Ẹyin lohùn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ebè mọ́, ṣùgbọ́n kò tún sẹ́ni tí wọ́n gbà fún kó sọ̀rọ̀ sókè ní àgbàlá. Ọmọ alágbàfọ̀ ni olórí wọn. Ìyá Àgbà là ń pè é, nítorí ó máa ń káwọ́ sẹ́yìn rìn, tó bá sì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, á dúró kí i pé ẹ kú làálàá. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó fi ìka lé ètè fún ọkùnrin tó wá ka mítà iná. Ó fi ìka lé ètè fún Ọ̀gá alára, Ọ̀gá sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò rọ̀, atẹ́gùn tutù. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé mi bí mo ṣe ń to àga.

"Àǹtí, kí ni ẹ̀wà fi bora?"

"Ilẹ̀ ló fi bora."

"Ilẹ̀ ti tutù."

"Á gbẹ," mo wí. Mo ń wá bàtà ẹnìkan tí ẹsẹ̀ kan sọnù, mi ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, báàgì rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Mo rò pé aṣọ ìbora tí wọ́n fi ń sùn lọ́sàn-án ló kó wá. Nígbà tí ilé-ìwé parí, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láì yọjú síta. Ká sọ òótọ́, mi ò fẹ́ wo àgbàlá yẹn. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Òjò ò jẹ́ ká jáde ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó dá, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rí kóòtù funfun kan lórí ebè. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó da àyà délẹ̀, bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀wà. Kóòtù olówó iyebíye, tó ní aṣọ dídán nínú. Nọ́ńbà tí alágbàfọ̀ máa ń rán mọ́ aṣọ oníbàárà wà ní ọrùn rẹ̀. Ẹrẹ̀ wà ní ìgúnpá, ẹrẹ̀ wà ní ẹ̀yìn, ìgbín kékeré kan sì ti fi inú apá rẹ̀ kan ṣe ilé.

"Ó gbóná ju ìbora bẹ́ẹ̀dì mi lọ," Ìyá Àgbà ṣàlàyé fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ní aṣọ nínú aṣọ."

Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan tí mo fi gbọ́ ohùn baba rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bèèrè kóòtù kan. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àpò sìmẹ́ǹtì kọjá, ó yọ sí wa. Ó wọ ṣòkòtò funfun tí ìlà áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́.

"Àǹtí!"

Ìka méjìlá lọ sí ètè méjìlá. "Ṣṣṣ."

"Bàbá," ọmọ rẹ̀ wí, "wọ́n ń sùn."

Ọkùnrin náà wò mí, ó wo ọmọ, ó wo kóòtù. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. "Àǹtí, kóòtù ọkọ ìyàwó lẹ̀ ń wò yẹn o. Lọ́la ló ń bọ̀ wá gbé e. Ọ̀túnla ni ìgbéyàwó."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, sà."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé kó máa fi aṣọ oníbàárà bo ilẹ̀?"

"Èmi kọ́. Mo kàn sọ pé ẹ̀wà ń sùn ni."

"Ẹ̀wà ń sùn."

"Ẹ rọra, sà. Wọ́n ń wò wá."

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan. Ẹ bá ẹnìkan jà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ọmọ méjìlá máa ṣọ́ yín. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi ohùn sọ, ọwọ́ lẹ ó máa fi sọ, tó bá yá ọwọ́ á sú yín. Síbẹ̀ mo rí àyè fi tèmi ránṣẹ́.

"Lẹ́tà yín ló kó sìmẹ́ǹtì yẹn wá. Lọ́la, wọ́n máa bo gbogbo ibí yìí. Ṣé inú yín dùn?"

Ó nu ojú. "Àǹtí, ẹ ò mọ nǹkan tójú mi ń rí ládùúgbò. Tí wọ́n bá rí ọmọ mi tó gbé ẹrẹ̀ sáyà, wọ́n á ní alágbàfọ̀ yìí, tilé ẹ̀ ò mọ́, ṣé tiwa ló máa mọ́? Oníbàárà méjì ti kó aṣọ wọn kúrò lọ́dọ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?"

Ìbínú mi tú ká. Mi ò rò ó débẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń fi ọkùnrin yìí ṣe ẹlẹ́yà nínú ọkàn mi, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló sì ń jà fún. Ojú tì mí.

"Ẹ má bínú," mo wí.

Ó tẹ̀ba, ó gbá etí kóòtù mú. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wà ti hù. Wọ́n tò lọ lábẹ́ kóòtù náà, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí wọn ò tíì rí oòrùn, wọ́n tẹ ọrùn ba bí ẹni tó fẹ́ fi orí ti aṣọ ìbora kúrò. Àwọn ọmọ ya ẹnu. Ẹnìkan fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kí ariwo má bàa jáde. Mo ka ẹ̀wà náà. Mọ́kànlá ni.

"Bàbá, ó ku ọ̀kan," Ìyá Àgbà wí.

Níbi ihò bọ́tìnnì òkè la ti rí i. Ó ti gba inú ihò náà yọrí, ó ti ju orí sí òdìkejì, ọrùn rẹ̀ sì há. Tó bá fa kóòtù báyìí, ó máa ṣẹ́.

Mo rò pé ó máa fà á. Èmi gan-an ì bá fà á. Ẹ̀wà kan ṣoṣo, kóòtù ìgbéyàwó sì nìyẹn, kí lèèyàn ń rò sí i?

"Ti ta ni èyí?" ó bi wọ́n.

Pẹ̀lú gbogbo húhú àti títún gbìn, kò sẹ́ni tó mọ tirẹ̀ mọ́. Àwọn méjèèjìlá dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Tèmi ni."

Alágbàfọ̀ mí kanlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun yẹn, nínú ẹrẹ̀ tútù. Ó fi èékánná méjì la ihò bọ́tìnnì náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tú okùn tó ta kókó lára aṣọ olówó ńlá. Òógùn yọ sí i níwájú orí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo ti ń sọ ọ́ fún ọmọ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, ọjọ́ yẹn ni mo rí ẹni tó ń ṣe é. Ó yí orí ẹ̀wà náà lápá kan, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ̀wà bá yọ́ jáde láìṣẹ́, èèpo rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá bá wa, òun àti bíríkìlà tó fẹ́ wọn ilẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ kejì.

"Háà, Bàbá Ìyá Àgbà," Ọ̀gá wí, "ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tẹ́ ẹ kọ̀wé lé lórí náà nìyẹn. Lọ́la, ẹrẹ̀ tán níbí."

"Ṣṣṣ," àwọn ọmọ wí.

Ọkùnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, kóòtù ẹlẹ́rẹ̀ lórí apá rẹ̀. Ó wo orúnkún ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹrẹ̀ ò le," ó wí. "Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gbẹ, tẹ́ ẹ gbọn aṣọ, tẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, omi tútù ló kù. Àwọn tó ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù ló ń sọ ọ́ di àbàwọ́n. Epo ló le. Yíǹkì ló le. Ẹrẹ̀ ò le."

"Lẹ́tà yín wá ńkọ́?"

"Mo gbà á padà. Àwọn méjì yòókù tó kọ lẹ́tà, èmi ni mo ṣì ń fọ aṣọ fún wọn. Màá bá wọn sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá wo ebè, ó wò mí, mo sì wo ẹsẹ̀ mi kó má bàa rí ojú mi. Bíríkìlà gbé tépù rẹ̀ dání, kò mọ ibi tó máa nà án sí.

"Ọ̀gá, ibo wá ni kí n da sìmẹ́ǹtì sí?" ó bèèrè. Òun náà ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Abẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń jò yẹn," Ọ̀gá dáhùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bákan náà. "Kí wọ́n ríbi fọ ẹsẹ̀. Ẹ dá èyí tó bá kù padà."

Kóòtù náà mọ́. Ẹrẹ̀ jáde tán, bó ṣe sọ. Àbàwọ́n kékeré kan tí ẹ̀wà fi sílẹ̀ ní ihò bọ́tìnnì nìkan ni kò jáde, alágbàfọ̀ sì sọ òótọ́ fún ọkọ ìyàwó. Ọkọ ìyàwó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òdòdó lòun máa fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni mi ò gbàgbé. Alágbàfọ̀ padà wá mú ọmọ rẹ̀, ṣòkòtò ẹlẹ́rẹ̀ yẹn ló ṣì wà nídìí rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò rí òmíràn wọ̀ ni. Ó ní òun ń jẹ́ kó gbẹ ni.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n. Ìyá Àgbà gbé ẹrẹ̀ sáyà, baba rẹ̀ gbé tirẹ̀ sórúnkún, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n gba àárín àdúgbò lọ ní ọ̀sán gangan. Obìnrin kan dìde níwájú ilé rẹ̀, ó wo alágbàfọ̀ látòkè délẹ̀.

"Alágbàfọ̀, kí ló ṣe ọ́?"

Láti ìgbà tí ìka méjìlá ti lọ sí ètè, ọkùnrin yẹn ò tíì gbé ohùn sókè. Ó gbé e sókè wàyí, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ.

"Ẹ̀wà wa hù," ó wí.