Eyín Tó Dí Ọ̀nà

Wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ ni, ojú kan péré, bíírò wà lọ́wọ́ mi... kí ló wá dé tí ọwọ́ ò fi lọ?

Ọmọ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, nọ́ọ̀sì ń wo bó ṣe wúwo tó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Eyín àkọ́hù rẹ̀ méjèèjì tó wà níwájú ti ká láti ọdún tó kọjá, èyí tó yẹ kó rọ́pò wọn ò hù. Ẹyọ kan ló yọ lókè ẹnu, lẹ́yìn ibi tó yẹ — kúkúrú, ṣóńṣó, bí ìṣó.

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ wá, dókítà eyín gbé fọ́tò egungun ẹnu rẹ̀ sójú iná. Eyín àgbà méjèèjì ń bẹ lókè níbẹ̀, wọ́n pé, ṣùgbọ́n eyín àlékún yìí dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọn. "Tá a bá fi í sílẹ̀, wọ́n á wá ibòmíràn gbà, ibẹ̀ ò sì ní dáa." Ó ní kò sẹ́ni tó fà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ — bóyá ó rí ojú mi.

Nítorí mo ti tú inú ara mi wò bí ẹní tú àpò. Oògùn orí fífọ́ tí mo lò nígbà oyún... bí mo ṣe ṣubú lórí àtẹ̀gùn... Rárá. Kò sẹ́ni tó fà á. Gbọ́, ìwọ obìnrin yìí.

Ìyá ọkọ mi ní ká fi í sílẹ̀. "Ohun tí Ọlọ́run fi kún tẹni, a kì í yọ ọ́ dànù." Ẹ má bínú, màmá. Kì í ṣe ẹnu yín ni oúnjẹ ń há sí. Kì í ṣe ẹ̀yin ni tíṣà ní kẹ́ ẹ kàwé sókè, tẹ́ ẹ dákẹ́ lọ gbári, torí ọ̀rọ̀ ń fọn bí fèrè lẹ́nu yín.

Oṣù méje ni mo fi ń sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní aṣọ oníbàárà pọ̀ nílẹ̀. Irọ́. Aránṣọ tó rí i pé òwú ti ta kókó lábẹ́ abẹ́rẹ́, tó tún ń tẹ ẹ̀rọ lọ, aṣọ ló ń bà jẹ́.

Ó tó gẹ́ẹ́. Bí àyà mi bá fẹ́ já, kó dúró kí n kọ orúkọ mi tán.

Ṣùgbọ́n tàárọ̀ yìí... Mo sọ fún un pé wọ́n kàn fẹ́ yẹ ẹnu rẹ̀ wò ni. Wò ó lásán. Kẹ́rù má baà bà á. Kò bèèrè nǹkan kan, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Ìgbà tá a dé géètì ibí — kí ló tiẹ̀ wí? — ó ní: "Màmi, tí mo bá ti sùn, ta ló máa di ọwọ́ yín mú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

Tí mo bá ti sùn.

Dókítà ti sọ fún un. Lọ́jọ́ tí mo jáde lọ gba káàdì, tí mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀... Ó mọ̀. Ó mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ oorun, ó mọ̀ pé wọ́n máa yọ ọ́. Ó sì jẹ́ kí n parọ́ mi tán, kẹ́rù má baà bà mí.

Èmi! Èmi lọmọ ọdún mẹ́jọ ń tọ́jú látàárọ̀.

Mo buwọ́ lù ú. Orúkọ mi hàn ketekete, kò wọ́. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn. Tí wọ́n bá ṣí i, màá sọ òótọ́ fún un lójú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá ní kó di ọwọ́ mi mú títí oorun á fi gbé e.