Àpótí Dígí fún Ẹja Thongyu

Nígbà tí Thongyu kú, gbogbo ẹja oníjà tó ń sìn ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tà fún àwọn ẹlẹ́ja mìíràn ní ìlú Nakhon Pathom, àtìgò àtìkòkò, kí wọ́n tó ṣe ètò ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ikú rẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́kù, torí pé ó ti dàgbà, kò sẹ́ni tó rà á. Ẹja pupa ni. Lẹbẹ rẹ̀ gùn, ó ń wọ́ kiri bí agbádá tí wọ́n rán tóbi ju ẹni tó ni ín lọ.

Láti ogójì ọdún tí Lamyai ti fẹ́ Thongyu, kò fọwọ́ kan ẹja rí. Nǹkan ọkọ rẹ̀ ni, kò sì bá a dá sí i. Ohun tó mọ̀ nípa ẹja kò ju ohun tó ń gbọ́ láti ilé ìdáná lọ. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹja yìí nìkan ni nǹkan ẹlẹ́mìí tí Thongyu fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ tó kù nílé. Lamyai ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé kò ní kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Inú ìgò ọtí pẹlẹbẹ ni ẹja náà ń gbé, bí gbogbo akọ ẹja oníjà ṣe ń gbé ládùúgbò yẹn, ẹja kan ìgò kan, páálí láàárín ìgò méjì kí wọ́n má baà máa rí ara wọn. Bí ó bá ti fẹ́ yí padà, ìrù rẹ̀ á kan dígí. Lamyai tẹjú mọ́ ọn títí, àánú ṣe é.

“Ẹ̀wọ̀n rèé,” ló wí. Ó wọ sílípáàsì, ó gba ọjà ẹja lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Onnicha ló ni ṣọ́ọ̀bù tó wọ̀. “Màmá, irú ẹja wo lẹ fẹ́ fi sí i?”

“Oníjà.”

“Mélòó ni?”

“Ẹyọ kan.”

Onnicha gbé àpótí dígí kan sórí tábìlì, ó fẹ̀ díẹ̀, kò ga. “Èyí á gba ogún lítà. Ó tó o, ó tún lé.”

Lamyai wo àpótí, ó wo ọmọbìnrin náà. “Ṣé torí pé o rí sílípáàsì lẹ́sẹ̀ mi lo ṣe ń gbé abọ́ ọbẹ̀ wá fún mi?”

“Rárá o, Màmá! Ẹja yín ni mò ń rò.”

“Gbé èyí tó tóbi jù wá.”

“Ọgọ́rùn-ún lítà nìyẹn! Ṣé ẹja lẹ fẹ́ sìn ni, àbí ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ máa wẹ̀ níbẹ̀?”

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Lamyai, ìyẹn ló tún wá jẹ́ kó le koko sí i. “Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, ṣé ìwọ lo máa bá mi ha ẹ̀yìn ni? Gbé e wá.”

Ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé fún un. Àpótí náà ga débi pé bí Lamyai bá kiwọ́ bọ̀ ọ́, omi á ti kan èjìká rẹ̀ kí ìka rẹ̀ tó kan ìsàlẹ̀. Bí ẹja náà ṣe bọ́ sínú omi, ó na gbogbo lẹbẹ rẹ̀, ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ń sáré láti igun kan dé ìkejì. Inú Lamyai dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ṣebí láràárọ̀ tí Thongyu bá yọ páálí àárín ìgò, tí àwọn ẹja bá na ara báyìí, Lamyai máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná pé, “Ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe yá gágá!” Lamyai gbé àga sí iwájú àpótí, ó jókòó bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹja náà fi ń jó. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó gbìyànjú láti gòkè, ó dé ìdajì, ó tún rọra bọ́ sílẹ̀. Lẹbẹ rẹ̀ ti ya lójú méjì. Ọkàn Lamyai já. Kò tiẹ̀ rántí wọ bàtà tó fi sáré lọ pe Chuea, ọ̀rẹ́ Thongyu tó ń sin ẹja nílé kejì.

Chuea dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìbàdí. “Àbúrò, ta ló gbé odò wá sí pálọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ bá mi wò ó.”

Chuea bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Ó ti ń jà.”

“Pẹ̀lú ta ni? Ṣebí òun nìkan ló wà níbẹ̀.”

“Òjìji ara rẹ̀ ló ń rí nínú dígí. Ó kọjú síbí, ọ̀tá. Ó kọjú sọ́hùn-ún, ọ̀tá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Thongyu máa ń fi yọ páálí, á sì dá a padà kíá.”

“Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni.”

“Nǹkan mìíràn tún nìyí. Òkè omi ló ti ń gba èémí. Wo bó ṣe jìn tó, wo aṣọ gbọọrọ tó ń wọ́ lọ́wọ́. Kó tó débẹ̀, agbára ti tán.”

Lamyai jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n. “Bí mo ṣe ṣe Thongyu náà nìyí, Ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò ẹja ló fẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsíbítù ńlá ní Bangkok, yàrá rẹpẹtẹ, òun nìkan ṣoṣo. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n gbé òun wálé. Mo ní ibẹ̀ ló dára jù.”

Chuea fa aṣọ inura tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi nu ojú ara rẹ̀. “O fẹ́ kó yè ni. Thongyu mọ̀. Ó sọ fún mi lórí fóònù.”

“Ẹ jẹ́ ká dá ẹja yìí padà sínú ìgò, kó má baà kú.”

“Rárá o. Ṣé o rò pé ìgò wù wọ́n ni? Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àyè ò sí, la fi ń kó wọn sí ìgò. Ẹyọ kan tó ti dàgbà, ó yẹ kó rí ibi nara.” Ó na ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì lé ọrùn ọwọ́. “Kí ìka rẹ kan ìsàlẹ̀, kí omi mọ síbi tí mo fọwọ́ lé yìí. Kó fẹ̀, kó má ga. Àpótí ogún lítà dára.”

Lamyai nu imú. “Onnicha ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo sì bú u.”

“Ìwọ náà lo máa lọ bẹ̀ ẹ́ nìyẹn.”

Ó lọ bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ bínú, ó fi ewé fúrúùtù gbígbẹ méjì ṣe èènì fún un, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja máa ń rẹ sómi kí ara ẹja lè yá. Chuea rẹ ewé kan sómi títí omi fi pọn, ó dà á sínú àpótí tuntun, ó fi páálí bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ó fi ewé kejì léfòó. Àpótí ńlá di ibi tí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́yìnkùlé.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹja náà kò ṣe ju kó sinmi lábẹ́ ewé lọ. Lamyai ń wá tanwíìjí fún un nínú omi òjò, ẹja náà ń jẹ ẹyọ kan, ó ń fi ìyókù sílẹ̀. Lamyai ti múra ọkàn sílẹ̀ pé ó lè kú, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń já láràárọ̀ kó tó wo àpótí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbé ìrẹsì kaná, ó lọ wò ó. Fóòmù kan wà lábẹ́ ewé, funfun, kò ju owó ẹyọ kan lọ. Ẹja náà gòkè, ó gba afẹ́fẹ́ sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ jáde ní ìṣù fóòmù kékeré kan, ó rọra lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, ó tún padà. Ilé ló ń kọ́. Akọ ẹja oníjà kì í kọ́lé bí ara kò bá tù ú. Fún ogójì ọdún ni Thongyu fi ń kígbe láti ẹ̀yìnkùlé pé, “Lamyai, wá wò ó, ó ti kọ́lé!” Èsì kan náà ni Lamyai sì máa ń fún un, pé ìrẹsì wà lórí iná. Kò lọ wò ó rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

“Thongyu!” ló ké. “Wá wò ó!”

Ó ti ké e tán kó tó rántí. Ilé dákẹ́. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń wo bí ẹja náà ṣe ń to ìṣù kan mọ́ ìkejì. Òórùn ìrẹsì tó ń jóná dé bá a láti ilé ìdáná, kò sì dìde.