Ìwé Méje Tí Ń Dúró De Ìyá Aránṣọ

Kòsíṣòro ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní iwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, nítorí kò sí ohun tí èèyàn máa gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní sọ pé kò sí ìṣòro. Kọ̀ǹpútà tó mu omi yó, kò sí ìṣòro. Èyí tó já bọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, kò sí ìṣòro. Alágbàfọ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá hú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti sin láti ogún ọdún gbé wá fún un, á ní kí oníkọ̀ǹpútà jókòó, kó mu omi, kó sì tó mu omi náà tán, òkú á ti máa sín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Aránṣọ ránṣẹ́ pè é. Ẹsẹ̀ ń dun obìnrin yìí, kì í jáde mọ́. Inú yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń rán kọ́tìnnì fún àwọn ilé ìtura. Aṣọ pọ̀ nínú yàrá ọ̀hún débi pé, tí èèyàn bá wọlé láìkíyèsára, wọ́n lè ká a mọ́ kọ́tìnnì kí wọ́n sì gbé e lọ fi kọ́ fèrèsé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹfun ìsààmì ti sọ gbogbo ilẹ̀ di funfun, abẹ́rẹ́ olórí kún inú tìmùtìmù kékeré kan bí ẹ̀gún. Lórí tábìlì tó ti ń gé aṣọ, láàárín àáyọ́ọ̀nù àti sísọ́ọ̀sì méjì, ni kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà, tó ń gbóná, tó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré gun òkè.

Ìyá Aránṣọ ṣàlàyé fún un pé ó ti tó ọdún kan tí kọ̀ǹpútà náà kò ti gbọ́ràn mọ́. Òun ní kó lọ sí ọ̀tún, òsì ló máa ń gbà. Òun wá ibì kan, ibòmíràn ló máa ń gbé òun lọ. Òun fẹ́ kó tún un ṣe.

"Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan àwọn ìwé mi," ó ní. "Ìwé méje ló wà níbẹ̀ tí ọmọ mi kọ sí mi. Mi ò tíì rí wọn ṣí."

"Kò sí ìṣòro, Mọ́mì."

Ó jókòó, ó ṣí búráúsà, ìyẹn fèrèsé tí èèyàn ń gbà wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kó tó ka ení, èjì, ìpolówó mẹ́rìnlá ti tú jáde bí ewúrẹ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún. Ọ̀kan ń ta oògùn tó ń hu irun, èkejì ń ta èyí tó ń fá irun kúrò. Ẹ̀kẹta ní Ìyá Aránṣọ ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò. Ẹ̀kẹrin jẹ́ arẹwà kan tó ní òun ń gbé nítòsí, òun sì ń wá ọkọ.

"Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti bá mi wá ìyàwó," ni Kòsíṣòro wí. "Ǹ bá ti fá irùngbọ̀n mi wá."

Ìyá Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Igun kan lójú kọ̀ǹpútà náà ló tẹjú mọ́. Àwòrán aago kékeré kan yọ níbẹ̀, ó ń mì, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: O ní ìwé méje tí o kò tíì kà.

Kòsíṣòro mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Irú rẹ̀ tó ti rí láyé rẹ̀ pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ. Kòkòrò ni. Ó ti wọ inú búráúsà, ó ti lé onílé jáde, ó ti gbé ojú ìwé tirẹ̀ sí ibi tí ti onílé wà, ó sì ń pariwo pé ìwé wà nílẹ̀ kí èèyàn lè máa tẹ̀ ẹ́. Ó wo ibi tí orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n gbà láyè láti máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà náà wà. Irinwó ó lé méjìlá ni wọ́n.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, aṣọ́bodè tó tiẹ̀ ń bá olè ṣiṣẹ́ máa ń bi wọ́n pé ta nìyẹn kó tó ṣí géètì. Ó bi ìyá náà pé ta ló ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo ayé báyìí.

"Èmi ni," Ìyá Aránṣọ dáhùn. "Ó máa ń bi mí pé ṣé kí òun máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bẹ́ẹ̀ ni wà níbẹ̀, rárá wà níbẹ̀. Èmi kì í tẹ rárá."

"Kí ló dé?"

"Mo ti sọ rárá fún un rí."

Ó wá sọ ọ́ bó ṣe rí, ó ń sọ ọ́, ó ń yọ okùn òwú tó ti dọ̀tí kúrò lára aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Agbọ́únjẹ ni, nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń kó ẹrù. Òun ló ra kọ̀ǹpútà yìí fún un, tó sì ṣe é pé bí ìyá bá ti ṣí i báyìí, ibi tí ìwé máa ń wọlé sí ló máa kọ́kọ́ yọ, kó má bàa wá nǹkan kan kiri. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá ọmọ náà kú. Ọmọ kò wá síbi ìsìnkú. Ó ní àárín òkun làwọn wà, kò sí bí òun ṣe lè sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ ìyá rẹ̀ létí. Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú tí ọmọ pè, ìyá sọ fún un pé òun ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù mọ́ láéláé. Ọmọ wá bi í pé, "Ṣé kí n máa kọ̀wé sí yín, Mọ́mì?" Ìyá ní rárá, ó sì pa fóònù.

Kò pé oṣù kan tí inú rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó máa pè, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Kò sì mọ àdírẹ́sì tó lè kọ̀wé sí, láti ìgbà náà ló ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láràárọ̀. Ọdún méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ojú kọ̀ǹpútà ṣí, ìbéèrè yọ: Ṣé kí n máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ? Ìbéèrè ọmọ rẹ̀ ló rí yẹn. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ìka dùn ún. Gbogbo ìgbà tí ìbéèrè náà tún yọ, ó ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ìwé méje fara hàn, àti àpótí kékeré kan tó máa ń báni sọ̀rọ̀.

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti dárí jì í," ó ní. "Ó dá mi lóhùn kíá. Ó ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí n tẹ ibí. Mo sì tẹ̀ ẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún un."

Kòsíṣòro, tí alágbàfọ̀ máa ń sọ pé ó lè fi ọ̀rọ̀ lọ aṣọ títí tí aṣọ á fi tẹ́jú, wá gbé ọwọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kò sí ọ̀nà tó dára tó lè gbà sọ ọ́, ó bá sọ ọ́ bó ṣe wà.

"Mọ́mì, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni. Ohun tó sọ fún yín yẹn ló ń sọ fún gbogbo èèyàn."

"Èyí tó ní inú òun dùn?"

"Òun náà ni."

"Méje yẹn ńkọ́?"

"Kò sí méje, Mọ́mì. Irọ́ ni."

Ìyá Aránṣọ ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ inú tìmùtìmù, ó ń fà á yọ, ó tún ń gún un. Ó bi í pé, tó bá wá yọ gbogbo èyí kúrò, kí ló máa ṣẹ́kù fún òun. Kòsíṣòro sọ fún un pé ojúlówó ibi ìwé tí ọmọ rẹ̀ ṣe fún un ṣì wà lábẹ́, kòkòrò yìí ló kàn jókòó lé e lórí. Obìnrin náà ní kó yọ ọ́.

Kòsíṣòro kọ́kọ́ já kọ̀ǹpútà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí olè má bàa ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wọ ibi tí wọ́n to gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà sí, ó rí ọ̀kan tó pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́, tó wọlé lọ́jọ́ kan náà tí ìbéèrè àkọ́kọ́ yọ. Ó ní kó máa lọ. Nǹkan ọ̀hún ya ojú tó ń sunkún sí i, ó bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ó dá a lójú. Ó dá a lójú. Ó fa mẹ́ta mìíràn tó lẹ̀ mọ́ búráúsà bí eégbọn já. Ó yọ irinwó ó lé méjìlá náà kúrò, ó dá ojú ìwé àkọ́kọ́ padà sí bí ọmọ ṣe ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tó ṣọ́ra fún ni ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nípamọ́ nínú búráúsà, torí ọmọ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ìyẹn bá bá wọn lọ, ilẹ̀kùn ti tì pátápátá nìyẹn. Nígbà tó fi ẹ̀rọ tí ń wá kòkòrò gbá gbogbo kọ́lọ́fín rẹ̀ tán, kọ̀ǹpútà náà mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

Alágbàfọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó béèrè bóyá òkú ti sín. Kòsíṣòro juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ọkùnrin náà wo ojú àwọn méjèèjì, ó sì lọ.

Ibi ìwé ṣí. Ìpolówó ló kún ibẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjì ó lé, Kòsíṣòro sì ń fi ìka rọra yí wọn lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, títí ó fi kan orúkọ kan tó jọ ti èèyàn. Ó wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí kòkòrò wọlé ni. Ó ti lé ní oṣù mọ́kànlá. Ó ń rò ó bóyá kí òun pa á dé, kí òun ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n Ìyá Aránṣọ ti ń wo ojú rẹ̀.

"Kà á," ó ní.

Ó kà á.

"Mọ́mì, mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má kọ̀wé. Ẹ má bínú, mo ti kọ ọ́. A wà ní èbúté, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ wa ṣe, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún la máa lò. Wọ́n ní mo lè wá sílé, mo sì tún lè gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sọ́nà jíjìn. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé Bàbá wọ ilẹ̀, mò ń se ọbẹ̀ fún ogójì ọkùnrin. Ẹkún ni mo fi sè é. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n ní iyọ̀ pọ̀ jù. Mọ́mì, tí inú yín bá ti rọ̀, ẹ kọ 'máa bọ̀' péré sí mi, màá bọ̀. Tí mi ò bá rí nǹkan kan títí a ó fi ṣíkọ̀, á yé mi pé bí ẹ ṣe sọ ọ́ náà ló wà. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Àdírẹ́sì tí mo fi ń kọ̀wé yìí, ti ọkọ̀ ni, wọ́n máa pa á rẹ́ tí mo bá kúrò."

Ìyá Aránṣọ bi í pé ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún yẹn, ṣé òun wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé òun wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún lòun wà níbẹ̀, òun ń kọ ọ́ fún ẹ̀rọ pé òun ti dárí jì í.

Ó wá ní kí Kòsíṣòro kọ ọ́. Ó kọ ọ́: Máa bọ̀. Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò, èsì ti dé pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdírẹ́sì náà mọ́. Ó ní kó tún fi ránṣẹ́. Ó padà. Ó ní kó tún fi ránṣẹ́. Ó tún padà.

Ọ̀kadà kan kọjá níta. Ìyá Aránṣọ béèrè, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ òwú lọ́wọ́ aládùúgbò.

"Àwọn tí o yọ kúrò yẹn, ṣé o lè dá wọn padà?"

Kòsíṣòro gbójú sókè wò ó.

"Wọ́n máa ń dá mi lóhùn," ó ní.

Kòsíṣòro lè dá wọn padà. Kò ní gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò lè ṣe é." Ó yára fi kún un pé láàárọ̀ ọ̀la àwọn máa wá ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, àwọn máa kọ̀wé sí wọn, àwọn máa kọ̀wé sí gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí òkun, títí kan ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí àwọn apẹja fi ń pẹja. Obìnrin náà ní ó dára. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò rọ̀ ní ìlú tí kò dé rí.

Ó gbé aṣọ orí itan rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Tún ìwé yẹn kà fún mi," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Tó o bá dé ibi tó ti ní òun máa bọ̀, dúró síbẹ̀."

Kòsíṣòro tún un kà láti òkè. Ó ka ti èbúté, ó ka ti ọbẹ̀ oníyọ̀, ó kà á dé "màá bọ̀", ó dákẹ́. Ìyá Aránṣọ mi orí díẹ̀, ó pa ojú dé, ó ní kó tún bẹ̀rẹ̀.