Ṣọ́ọ̀kì Lórí Máòsì

"Ṣé wàrà lèyí?"

Obìnrin tó ni ilé-ìwé òdìkejì ju pákó pẹlẹbẹ kan sórí tábìlì wa. Ọ̀dà ara pákó náà pọ́n bí amọ̀.

"Gbogbo kíláàsì mi ló rí báyìí. Àwọn ọmọ ní ó dà bíi pé inú ìkòkò làwọn jókòó sí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oníbàárà kẹta tó máa dá ọ̀dà padà nìyí.

Ṣọ́ọ̀bù àbúrò màmá mi, tí mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, la ti ń po ọ̀dà. Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà. Màá yan orúkọ àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́, bíi wàrà tàbí amọ̀, màá wo iye garawa, màá tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á sì po ó. Ẹni tó jáde yunifásítì kò lè ṣi amọ̀ mú fún wàrà. Ẹnìkan ló ń yí àwọ̀ náà lẹ́yìn mi, mo sì mọ ẹni náà.

Má-fọwọ́-kàn-án là ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ló fi ń po ọ̀dà kí ẹ̀rọ tó dé. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọ́n ní kó máa gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé èmi sórí àga. Bọ̀ọ̀dá wá tún ra síkírìnì kan sí i, ojú kejì fún kọ̀ǹpútà mi: àwọ̀ wà lójú òsì, ìwé oníbàárà wà lójú ọ̀tún. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wò mí bí ẹni tó jẹ oúnjẹ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Bí oníbàárà ti jáde, Bọ̀ọ̀dá pè wá.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀yin méjì lẹ wà níbí. Kí n tó tilẹ̀kùn lónìí, ọ̀kan nínú yín á lọ sílé, kò sì ní padà wá."

"Èmi kọ́ ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà," ni Má-fọwọ́-kàn-án sọ.

"Èmi kọ́ ni inú ń bí," ni mo dá a lóhùn.

"Ọmọ yìí, mo bí ẹni tó jù ẹ́ lọ o!"

Mo tẹ̀lé Bọ̀ọ̀dá dé ẹ̀yìn, mo ní Má-fọwọ́-kàn-án ni.

"O rí i?"

"Rárá, ṣùgbọ́n..."

"Kọ́kọ́ rí i ná."

Mo padà lọ jókòó, mo ń ro ó. Wàrà di amọ̀. Oyin di igi. Ojú-ọ̀run di aró. Nínú àkójọ àwọ̀ tó wà lójú òsì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ nígbà gbogbo, wọn kò gòkè rí, wọn kò sì fò jìnnà. Ẹni tí inú ń bí, kí ló dé tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn? Mo ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kó lè jọ àṣìṣe mi.

Ilé ìwòsàn ló kàn, ìkùukùu ni wọ́n fẹ́. Mo yàn án lójú òsì. Mo lọ ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń sàmì sára garawa kúnná, mo wọ́n ọn sórí máòsì àti kíbọọ̀dù, mo pariwo pé ebi ń pa mí, mo sì jáde. Òdìkejì títì ni mo dúró sí, lẹ́yìn òpó iná, ojú mi kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí mo wọlé, ṣọ́ọ̀kì wà bí mo ṣe wọ́n ọn. Ìkùukùu náà ṣì wà níbẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án wà nídìí ẹ̀rọ, ó kẹ̀yìn sí mi.

"Kí ni nǹkan funfun tó wà níwájú ẹ yẹn?" ó béèrè láìyíjú. "Bó bá jẹ́ oògùn lo fi dè mí, tètè wí, kí n pe ìyàwó mi."

"Ṣọ́ọ̀kì ni."

"Hẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn."

Mo fi máòsì gbé ọfà kọ̀ǹpútà lọ sójú ọ̀tún. Mo fi ìka yí róbà kékeré àárín máòsì, kí n lè dé ìsàlẹ̀ ìwé níbi tí iye garawa máa ń wà. Ìwé kò mira. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gbà pé kọ̀ǹpútà náà ló ń lọ́ra. Mo tún yí i. Mo wá tẹ ìwé náà bí ìṣe mi, mo yí i, ó sì lọ. Mo padà sójú òsì láti tẹ bọ́tìnì.

Àwọ̀ èéfín ló wà níbẹ̀.

Má-fọwọ́-kàn-án kò kúrò lójú kan. Mo wo ọwọ́ mi. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà, ìka tèmi nìkan ló funfun.

Mo dá àwọ̀ padà sí ìkùukùu. Mo gbé ọfà sọ́tùn-ún, ṣùgbọ́n òsì ni mo tẹjú mọ́. Mo yí róbà. Àwọ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo tún yí i, ó tún sọ̀kalẹ̀. Ọfà lè wà lọ́tùn-ún, ojú mi lè wà lọ́tùn-ún, etí kọ̀ǹpútà ṣì wà lósì níbi tí mo tẹ̀ kẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ tèmi.

Má-fọwọ́-kàn-án ti ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì.

"Ìwọ lẹbí," ó ní. "Mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ yìí ń lọ."

Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bọ̀ọ̀dá ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó síbí. Ẹ yan ìkùukùu. Ẹ wá ka iye garawa fún mi lọ́tùn-ún."

Ó fojú burúkú wò mí, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó yàn án, ó gbé ọfà sọ́tùn-ún, ó yí róbà.

"Kò lọ."

"Ẹ tún yí i."

"Kọ̀ǹpútà rádaràda!" Ó tẹ ìwé náà. "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti lọ. Garawa mẹ́wàá."

"Ẹ wo òsì."

Àwọ̀ ti kúrò lórí ìkùukùu. Ó wo ìka rẹ̀ tó ti funfun, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Ta lẹ wá máa lé báyìí, Ọ̀gá?" Má-fọwọ́-kàn-án béèrè.

"Ẹ lọ bá iṣẹ́ yín."

Má-fọwọ́-kàn-án tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú báàgì, ó wá dúró tì mí.

"Ṣọ́ọ̀kì yẹn, torí kọ̀ǹpútà lo ṣe wọ́n ọn, àbí torí mi?"

"Mo kàn fẹ́ mọ òtítọ́ ni."

"Hẹn."

Ní báyìí, kí n tó tẹ bọ́tìnì, mo máa ń pe orúkọ àwọ̀ tó wà lójú òsì sókè, òun náà á sì pè é padà. Bó bá pè é tán, á tún dìde wá wò ó fúnra rẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Kì í fọwọ́ kan nǹkan kan.