Òṣùká Ogójì

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ní Ọ̀kà ni Ìbísọ́lá ti kó òṣùká ogójì jọ. Kì í ṣe òṣùká tuntun o. Èyí tí obìnrin ti fi ru omi gun òkè, tó fi ru igi ìdáná àti iṣu láti oko bọ̀ fún ogún ọdún ni, títí òógùn, epo pupa àti erùpẹ̀ fi wọnú aṣọ náà tó sì le gbagidi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́ kankan.

Ayàwòrán ni Ìbísọ́lá. Ìkàrẹ́ ló ti gba yàrá tó ń ṣiṣẹ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń kọ̀wé sí àwọn òyìnbó tí wọn kì í dá a lóhùn. Ọdún yìí ni ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Holland dáhùn. Oṣù mẹ́ta ni yóò fi máa gbé lọ́dọ̀ wọn, tí yóò máa ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà wọn yóò pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún aráyé wò. Fọ́tò òṣùká ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ tí wọ́n fi mú un. Marieke, obìnrin tó ń bójú tó àfihàn náà, kọ̀wé pé àbàwọ́n ara aṣọ yẹn ni òun ń wò tí omi fi bọ́ lójú òun.

Ìbísọ́lá kò kó gbogbo èyí rò fún àwọn ìyá. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹ yá mi ní òṣùká yín, ìlú òyìnbó ló ń lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orí òṣùká àwọn tún dára ju tàwọn lọ, wọ́n sì súre fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kó òṣùká náà sí pálọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì padà sí Ìkàrẹ́ lọ dúró ti Uthman káfíńtà, tó ń kan àpótí tí wọn yóò kó wọn sí. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ yóò wá gbé àpótí náà. Nígbà tó fi máa padà dé Ọ̀kà lọ́jọ́rú, aṣọ kún orí okùn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti tú òṣùká ogójì palẹ̀, wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti fi búlúù sí i. Ìyá Hafeez, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, tilẹ̀ ti ra léèsì, ó rán an yí etí aṣọ tirẹ̀ ká.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ìbísọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màámi, kí lẹ ṣe yìí?"

Inú Christiana, ìyá rẹ̀, ń dùn. "A bá ọ fọ̀ ọ́ ni. Àbí irú ẹ̀ ló yẹ ká kó ránṣẹ́ sí àlejò? Àwa mẹ́rìnlá la fi odindi àná fọ̀ ọ́, wo bí ọwọ́ mi ṣe bó."

"Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ rí!"

"Ta ló fẹ́ rí ìdọ̀tí?"

"Ẹ ti bayé mi jẹ́, Màámi."

Ẹyin lohùn. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ìbísọ́lá pe Marieke lórí fóònù, ó ṣàlàyé. Marieke mí kanlẹ̀, ó ní ṣé kò lè fi epo àti erùpẹ̀ kùn wọ́n padà, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó po epo pupa mọ́ erùpẹ̀ nínú abọ́, ó ká aṣọ kan padà sí òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Ọwọ́ ayàwòrán kúkú ni. Nígbà tó fi kun ìkẹta, ó ti jọ ti tẹ́lẹ̀ dáadáa, inú tirẹ̀ náà sì ti ń rọ̀.

Ìyá rẹ̀ jáde, ó dúró tì í, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì tẹ orí ba níwájú ọmọ rẹ̀. Láàárín orí rẹ̀, ibi kan pá roboto, ó fẹ̀ tó ìdí ife, kò ní irun kankan. Ìbísọ́lá kò rí i rí láyé rẹ̀.

"Ibí ni ẹrù máa ń jókòó sí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èyí tí o ń kùn yẹn, ẹrù wo ló rù?"

Ọwọ́ Ìbísọ́lá ti ń wá fóònù kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sì wé gèlè rẹ̀ padà kíákíá.

"Wò ó ni mo ní kí o wò ó. N kò ní kí o yà á."

Ojú ti Ìbísọ́lá gan-an. Ó da epo náà nù, ó sì fọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti kùn. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí Marieke pé òun kò ní kun nǹkan kan. Pé àwọn ìyá fọ̀ wọ́n nítorí pé wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ àlejò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun yóò sì ṣe kó wọn wá.

Kí ọkọ̀ tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, èsì ti dé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé iṣẹ́ tí wọ́n yàn kọ́ nìyẹn mọ́, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìdí ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń bó ló ti lọ sọ fún un. Christiana gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Nítorí pé a fọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Omi lé ròrò sójú ìyá náà. "Ká ní o ti sọ fún wa látìbẹ̀rẹ̀ ni, a ò bá má fọ̀ ọ́."

"Ká ní mo sọ, ẹ ò bá má fún mi."

Ìyá rẹ̀ gbà pé òótọ́ ni. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, Màámi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ."